Ọjọ́ Tí Ọwọ́ Kan Oyèníran Gbẹ̀yìn

Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, èmi kọ́ ni mo lá a. Oyèníran ni ó lá a, lọ́sàn-án gangan ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, lórí àga, tí oòrùn sì ń ràn lóde. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi náà ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín. Ibi tí ó bá ti rú yín lójú, ẹ má bi mí, àlá kì í dáhùn ìbéèrè.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni Oyèníran nígbà náà. Kò níyàwó, kò lọ́mọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe. Òun ni ó máa ń kọ àwọn àṣẹ tí ojú-ìwé orí ẹ̀rọ ayélujára fi ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí kò béèrè pé kí ènìyàn yọjú síta rárá. Ìbàdàn ni ó ń gbé tẹ́lẹ̀, ní Mọ́kọ́lá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó wá sí Ìgbájọ láti sin ín, lẹ́yìn ìsìnkú kò sì padà mọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì tí ìyá fi ń ránṣọ, ó ní òun máa sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan náà ló di ọdún méjì.

Bí ó bá se ìrẹsì lọ́jọ́ Ajé, ìrẹsì náà ni yóò máa jẹ títí di Ọjọ́rú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fá orí ara rẹ̀. Tí oníròyìn bá sọ nínú rédíò pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa," Oyèníran a dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀ sà," a sì dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin náà máa béèrè bí ó ṣe jí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mò ń wí yìí, fóònù rẹ̀ dún. Ìyáàfin Fátóyìnbó ni, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú náà. Oyèníran ló ń tọ́jú ojú-ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ìyá náà ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn, kí àwọn òbí lè mọ èyí tó jẹ́ tuntun àti èyí tó ti pẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran," ni ìyá náà wí, "mo rí àwọn nọ́mbà tí ẹ fi síbẹ̀. Ti ta ni?"

"Nọ́mbà wo, mà?"

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ìdánwò. Oókan, eéje, oókan, eéjì, ó gùn lọ bẹ́ẹ̀. Mo kà á, ó jẹ́ mẹ́wàá, mo ní bóyá ẹ gbàgbé òdo iwájú ni. Mo fi òdo sí i, mo pè é. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Oyèníran gbé ọwọ́ lé ojú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe nọ́mbà fóònù. Ọjọ́ ni."

"Ọjọ́ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọjọ́ kọ̀ǹpútà ni. N ó tún un ṣe, mà. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kò le. Kọ̀ǹpútà ò mọ Ajé, kò mọ Ẹtì. Ìṣẹ́jú-àáyá ni ó ń kà. Láti ìgbà tí ọdún 1970 ti wọlé ló ti ń kà wọ́n bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sinmi, kò fò kankan. Ó ti ju bílíọ̀nù kan lọ báyìí. Tí o bá bi í léèrè ìgbà tí ọwọ́ kan fáìlì kan gbẹ̀yìn, iye yẹn ni yóò kó lé ọ lọ́wọ́. Nínú èdè tí Oyèníran fi ń kọ àṣẹ rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́ náà. Èyí àkọ́kọ́, filemtime, ni ó máa ń lọ wo ara fáìlì láti mú iye náà wá. Èkejì, date, ni ó ń sọ iye náà di ọjọ́ àti oṣù tí ọmọ ènìyàn lè kà. Èkejì yìí ni Oyèníran gbàgbé láti kọ.

Ó jókòó tì í. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó ní kí òun gbé orí lé tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Bí àlá ṣe wọlé tọ̀ ọ́ nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó yán, ó na apá méjì tí kò ní tẹ́lẹ̀, ó ní, "Oyèníran, dìde. O ní àlejò."

Inú Oyèníran dùn. Ó tẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀ dáadáa, ó gbá ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kọ́ ni àwọn àlejò gbà wọlé. Láti inú kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n ti ń jáde, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń tò síta láàárọ̀. Àwọn fáìlì ilé-ẹ̀kọ́ ni. Àtẹ ìdánwò ló ṣíwájú, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, ó ń bá gbogbo ènìyàn wí. Ìwé orúkọ àwọn tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń sunkún jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni àtẹ ìdánwò wí, ó sì yí ẹ̀yìn padà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ẹ̀yìn ọrùn wa. Wọ́n kọ nǹkan sí i. A ò lè rí i fúnra wa."

Oyèníran bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. "Bílíọ̀nù kan ó lé ni," ni ó wí.

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Kò yé èmi náà."

Inú kò bí wọn. Ìwé òfin ní, "Nígbà náà, kí a lọ sí ọ́fíìsì. Òfin kẹrìnlá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bí Oyèníran ṣe dìde, àga tó jókòó lé náà dìde. Ó ní òun ń bá wọn lọ, nítorí ó ti rẹ òun.

"Ọdún méjì lo fi jókòó lé mi," ni àga wí. "O wúwo púpọ̀."

"Mo mà tín-ín-rín," ni Oyèníran dáhùn.

"Ẹran ara rẹ kọ́ ni mo sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí o kò bá ẹnikẹ́ni sọ, inú rẹ ni ó wà. Òun ni mò ń gbé."

Oyèníran ní kó má bínú. Àga ní kò burú, ó sì ṣíwájú, ó ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń gbé tòsì.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ìgbájọ kò sí níta mọ́. Odò kan ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀ débi pé ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òdìkejì. Afárá gígùn kan kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n kọ Lọ́ńdọ̀nù sí orí kan, wọ́n kọ Èkó sí èkejì. Oyèníran kò rí ohun ìyanu kankan nínú ẹ̀. Ó kàn ń ronú pé òun ìbá ti wọ bàtà.

Láàárín afárá, bàbá kékeré kan jókòó sórí àpótí. Kò ga ju orúnkún lọ. Ó wọ kóòtù òtútù nínú oòrùn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá," ni Oyèníran kí i. "Ta lẹ̀ ń dúró dè?"

"Mi ò dúró de ẹnì kankan," ni bàbá wí. "Wákàtí kan ni èmi. Èmi ni aago Èkó fi ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà gbàgbé láti sọ pé Èkó ni òun wà. Àwọn ará ọ̀hún ò kà mí, àwọn ará ìhín rò pé àwọn ti kà mí. Ni mo bá jókòó síbí."

Oyèníran mọ̀ pé òun ni bàbá ń bá wí. Àṣẹ kan péré ni ó yẹ kí ó kọ, kó fi sọ fún kọ̀ǹpútà pé aago Nàìjíríà ni kó máa lò. Ó ti fò ó dá. Ojú tì í, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ gun ẹ̀yìn mi, bàbá."

Ó pọ̀n ọ́n. Wákàtí náà fẹ́lẹ́ bí ìborùn. Ó ń rùn bí ọ̀sán aago mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí, òórùn eruku tó gbóná àti ti omi ìkòkò tó ti wà níbẹ̀ láti àná. Oyèníran mọ òórùn náà dáadáa.

"Ẹ̀yìn rẹ gbóná," ni bàbá wí létí rẹ̀. "Ó pẹ́ tí mo ti kan ènìyàn."

Oyèníran gbé e sókè dáadáa. Ó ń rìn lọ.

Ní òdìkejì odò ni ọ́fíìsì wà, kò sì sí lórí ilẹ̀. Ó ń léfòó lójú ọ̀run, ó ga tó igi àgbọn mẹ́ta, wọ́n fi okùn ìfami so ó mọ́ òkúta kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ohun tí wọ́n kọ sí pátákó iwájú rẹ̀ ni: Ọ́FÍÌSÌ ÌGBÀ TÍ ỌWỌ́ KÀN Ọ́ GBẸ̀YÌN. Ẹ FÀ Á DÁADÁA, A Ń JẸUN.

Gbogbo wọn di okùn mú, wọ́n ń fà á bọ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń fa omi kànga, ṣùgbọ́n láti òkè. Àga náà fà. Nígbà tí ọ́fíìsì fẹsẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n rí àwọn òṣìṣẹ́ lójú fèrèsé, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà lọ, kò sí èyí tó gbójú sókè.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà jókòó sẹ́yìn tábìlì ńlá kan. Ọkùnrin tó sanra ni, ó wọ kóòtù, ó de táì pupa.

"Ẹ káàsán sà," ni Oyèníran wí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kí bàbá ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ṣubú.

"Káàsán. Ìwé wo lo mú wá?"

Àtẹ ìdánwò, tó jẹ́ pé ìwé ni òun fúnra rẹ̀, tẹ́ ara rẹ̀ sórí tábìlì. Bí ojú ọ̀gá ṣe bọ́ sára ìwé, irùngbọ̀n hù sí i lábẹ́ àgbọ̀n, ìwo méjì yọ, imú rẹ̀ gùn. Ọ̀gá ti di òbúkọ. Táì pupa náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó na ẹnu sí àtẹ ìdánwò, èyí sì yára dìde, ó sá sẹ́yìn Oyèníran.

Obìnrin kan tó jókòó nítòsí sọ ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ má fi ìwé hàn án mọ́," ni ó wí. "Tí kò bá ti rí ìwé, ènìyàn rere ni. Ẹ wo ara ògiri."

Oyèníran wo ara ògiri. Kàlẹ́ńdà ló wà níbẹ̀, ihò ńlá sì wà láàárín rẹ̀.

"Ó ti jẹ oṣù Òkúdu," ni obìnrin náà wí. "Ẹni tí wọ́n bá bí nínú rẹ̀, kó lọ tọrọ ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ oṣù Agẹmọ."

Oṣù Òkúdu ni wọ́n bí Oyèníran. Ó rò ó wò, ó rí i pé kò sí ẹni tí yóò dùn. Ó mi orí, ó bọ́ sórí ìlà.

Ìlà náà gùn. Fèrèsé méjì ló wà níwájú rẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà ní ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ filemtime sí àyà rẹ̀. Bàbá yìí ò mọ ọ̀rọ̀ kankan nínú ayé àfi iye. Tí o bá dé iwájú rẹ̀, wà á yí ẹ̀yìn sí i, yóò wo ọrùn rẹ, yóò pariwo iye tó rí. Obìnrin tó sọ ṣíbí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ó wà ní fèrèsé kejì. Date ni orúkọ tiẹ̀. Ó wọ awò ojú, ó sì ní bíírò kan tó gùn tó ìgbálẹ̀.

Ìyáàfin Fátóyìnbó náà wà lórí ìlà. Bí bàbá bá ti pe iye kan, a sáré fi òdo síwájú rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. "Kò wọlé," ni yóò wí. Kò rẹ̀ ẹ́.

Ó kan ìyá arúgbó kan. Bàbá pariwo iye, Date kọ ọ́, ó kà á: "Òní, aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá."

"Ọmọ ọmọ mi ni," ni ìyá náà wí, ẹ̀rín bò ó lójú. "Ó ń dirun fún mi. Ó fà á jù, mo sì lu ú lọ́wọ́."

Ó kan bíríkìlà kan. Date ní, "Àná, aago kan ọ̀sán." Bíríkìlà ní ẹnì kejì òun ló gbá òun lẹ́yìn nígbà tí ẹ̀kọ há òun lọ́fun. Ó kan àtẹ ìdánwò. "Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù Igbe, ọdún 2024, aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Tíṣà ìṣirò!" ni àtẹ ìdánwò ké, ó fò sókè. "Ó ń mu ọsàn nígbà tó ń tún mi ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ tutù."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí oníkálukú ń gba ọjọ́ tirẹ̀, tó ń dì í mọ́ àyà. Oyèníran ń wò wọ́n.

Ó wá kàn án. Ó sọ bàbá wákàtí kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó tẹ orí ba.

Bàbá filemtime wo ọrùn rẹ̀. Ó pẹ́ tí ó fi ń wò ó. Àwọn tó ń jẹun gbé ṣíbí dúró.

"Òdo," ni bàbá wí.

Date gba òdo náà, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó kà á: "Ọjọ́ kìíní, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1970, aago kan òru." Ó gbé awò sókè. "Ta ló mú wákàtí kan wá? Òun ló jẹ́ kó jẹ́ aago kan."

Bàbá kékeré náà gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Oyèníran wí, "wọn ò tíì bí mi lọ́dún náà. Ìyá mi gan-an ò tíì lọ sílé ọkọ."

"Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni mo kà."

"Ọwọ́ ti kàn mí rí. Ọjọ́ tí a sin ìyá mi, àwọn ará ilé dì mọ́ mi. Ìyá kan tí mi ò mọ̀ fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi. Ẹ ní kí bàbá tún un wò."

Bàbá tún un wò. "Òdo," ni ó wí. Ó jọ pé ó dùn ún.

Ìyáàfin Fátóyìnbó tẹ òdo sínú fóònù, ó gbé e sétí. "Kò tiẹ̀ dún rárá," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Date wá gbé bíírò rẹ̀ ti ara ògiri, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti fèrèsé. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Gbọ́, àbúrò. A ò sọ pé ọwọ́ ò kàn ọ́ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a ò rí ọ. Bàbá máa ń lọ sí ibi tí wọ́n bá sọ pé nǹkan wà láti wo ara rẹ̀. Tí ó bá débẹ̀ tí kò bá a, òdo ni ó máa ń mú bọ̀. Èmi ò sì lè ka òdo sí nǹkan mìíràn."

"Níbo ni wọ́n ní mo wà?"

Ó ṣí ìwé kan, ó fi ọwọ́ bò ó kí ọ̀gá má baà rí i. "Ìbàdàn. Mọ́kọ́lá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá ọwọ́ òsì."

"Mo ti kúrò níbẹ̀. Ó ti di ọdún méjì."

"Ta lo sọ fún?"

Sùnmọ́nù ló wá sí Oyèníran lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Sùnmọ́nù láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń kàwé, tí wọ́n ń sùn lórí ẹní kan, tí wọ́n ń pín ẹyin kan sí méjì. Nígbà tí ìyá kú, Oyèníran kò sọ fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Nígbà tó yá, ìtìjú pé òun ò sọ ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Ó pààrọ̀ nọ́mbà fóònù rẹ̀, ó ní òun máa pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Kò sí," ni Oyèníran dáhùn. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìlà náà. Ìyá arúgbó tí wọ́n dirun fún ń wo ilẹ̀.

"Gba fọ́ọ̀mù," ni Date wí. "Kọ ibi tí o wà."

Oyèníran gbà á. Kò tíì kọ ju lẹ́tà Ì kan lọ tí òbúkọ fi nasẹ̀ dé, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Wọ́n fún un ní òmíràn. Òbúkọ jẹ ẹ́. Nígbà tó ń jẹ ẹ̀kẹta, omijé ń dà lójú rẹ̀ sára táì pupa náà.

"Má bínú, ọmọ mi," ni òbúkọ wí, ìwé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò lè rí ìwé kí n mójú kúrò. Ọmọ méjì ni mo bí, wọn ò kọ̀wé sí mi mọ́, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé n ó jẹ ẹ́ kí n tó kà á. Fi ẹnu sọ ọ́. Mi ò lè jẹ ọ̀rọ̀ ẹnu."

Gbogbo ọ́fíìsì yíjú sí Oyèníran. Date gbé bíírò rẹ̀ sókè láti kọ ọ́. Oyèníran la ẹnu láti sọ pé Ìgbájọ ni òun wà. Ohùn kò jáde. Ó tún la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí àga ní ó wúwo nínú rẹ̀ yẹn ló dí i lọ́nà ọ̀fun, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan. Okùn tó so ọ́fíìsì mọ́ òkúta já. Ọ́fíìsì yọ kúrò lára Oyèníran bí aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ, Oyèníran nìkan ló ṣẹ́ kù sórí ilẹ̀. Ó ń rí wọn lójú fèrèsé, ìyá arúgbó, bíríkìlà, òbúkọ, gbogbo wọn tẹ etí sílẹ̀, wọ́n ń kéré sí i, wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan.

Bí ó ṣe jí nìyẹn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Aago mẹ́rin ọ̀sán ti lù. Ó gbé orí sókè, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, gbogbo fáìlì ilé-ẹ̀kọ́ ló tò síbẹ̀, ọjọ́ kan náà ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn: ọjọ́ kìíní, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1970.

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó fara balẹ̀ ka ohun tó kọ kí oorun tó gbé e lọ. Orúkọ àpò tí àwọn fáìlì náà wà nínú rẹ̀ ni ó ṣì kọ. Ó fo lẹ́tà kan. Kọ̀ǹpútà ti lọ wá wọn níbi tí wọn kò sí. Ó fi lẹ́tà náà sí i, ó sì kọ àṣẹ aago Nàìjíríà tó ti fò dá. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ọjọ́ jáde, ó mọ́ tónítóní, ti Ẹtì, ti Ajé, ti àárọ̀, ti alẹ́.

Ó pe Ìyáàfin Fátóyìnbó. Ìyá náà kà á sókè lórí fóònù: "Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù Igbe. Ẹ wò ó! Èyí ti yé mi. Ọlọ́run á bù sí i fún yín." Ó dágbére, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Oyèníran jókòó, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì gbàgbé nọ́mbà Sùnmọ́nù. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á, ó tún un tẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta ni?"

"Oyèníran."

Oyèníran ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ amúnáwá lọ́hùn-ún, àti ti ẹnì kan tó ń fọ abọ́.

"Oyèníran tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò kú?" ni Sùnmọ́nù wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Mo wá ọ lọ sí Mọ́kọ́lá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Oyèníran! Ìgbà kẹta, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní òun ò gbọ́ orúkọ rẹ rí. Mo ń lọ béèrè rẹ kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù."

"Màmá kú."

"Màmá? Ìgbà wo?"

"Ọdún méjì."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mi ò sọ fún ọ," ni Oyèníran wí. Kò wá àwáwí. "Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Má bínú."

Sùnmọ́nù mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màmá tó máa ń fi ẹran pamọ́ dè mí. N ó bínú tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Níbo lo wà báyìí?"

Oyèníran la ẹnu. Ohùn jáde.

"Ìgbájọ ni mo wà. Tí o bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wà á rí ilé-ìwòsàn kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé kẹta, èyí tí wọ́n kùn ní búlúù, tí..."

"Dúró, dúró, má sáré," ni Sùnmọ́nù wí. "Jẹ́ kí n wá bíírò."

Oyèníran gbọ́ bí ó ṣe ń ṣí dúrọ́ọ̀ kan, tó ń tì í, tó ń ṣí òmíràn, tó ń bi ẹnì kan nínú ilé pé ta ló tún gbé bíírò òun. Ó tẹ fóònù mọ́ etí, ó dúró dè é.